Nínú gbogbo ìmọ̀ràn "bí inú rẹ yóò ṣe máa dùn" yìí, èwo ló ń ṣiṣẹ́ gan-an?

ÌyáÌbejì_Òṣogbo
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ àbúrò mi. Ó ti lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún, ó kàwé, iṣẹ́ tó ń ṣe kò sì burú púpọ̀, àmọ́ láti ọdún tó kọjá ló ti ń tẹ̀lé ọkùnrin kan tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní "ìgbé ayé ayọ̀" lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó san owó sẹ́mínà àkọ́kọ́, wọ́n ní ó ku ìpele kejì. Ó san ti ìpele kejì, wọ́n ní ìpele kẹta ni àṣírí wà. Ní báyìí, aago mẹ́rin ìdájí ló ń jí, yóò dúró níwájú dígí, yóò máa pariwo pé "olówó ni mí, aláyọ̀ ni mí," àwọn ọmọ mi méjèèjì yóò sì ta jí. Ó lẹ àwòrán mọ́tò mọ́ ògiri. Ó ti yẹra fún àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ dàgbà, ó ní wọ́n ń fa òun sẹ́yìn. Wọ́n ní bó bá ṣe gbogbo rẹ̀ fún ọjọ́ 21 láìfo ọjọ́ kan, yóò mọ́ ọn lára títí ayé.

N kò fẹ́ fi í ṣe ẹlẹ́yà. Èmi náà ń ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ ohun tí mo fi ń dúpẹ́ sí, mo sì rò pé ó ń ṣe mí lóore díẹ̀. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú wọn? Àti pé, ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kì í bá oṣù dé òpin, irú ayọ̀ wo ló tiẹ̀ lè máa retí tí kò ní jẹ́ pé ó ń tan ara rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ dá mi lóhùn pé "gbàdúrà." Mo ń gbà á.

Akọ̀wé_Mọ́kọ́lá
Èyí tó dájú pé ó ń ṣiṣẹ́ ni èyí tí ọkùnrin yẹn ń ṣe: kó máa gba owó ìpele. Inú tirẹ̀ ń dùn, ẹ̀rí wà ní báńkì 😂

Nọ́ọ̀sì_Fẹ̀yìntì
Ìyá Ìbejì, mo kí yín, mo kí Táyé àti Kẹ́hìndé. Kí ẹnikẹ́ni tó dá sí ọ̀rọ̀ dígí, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan. Ṣé ó ń jẹun? Ṣé ó ń sùn kó tó di aago mẹ́rin tó ń jí yẹn? Ohun tó máa ń wù ú tẹ́lẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń wù ú? Ṣé ó ti sọ ọ́ rí pé ayé sú òun?

Wọ́ọ̀dù àwọn tí ọkàn wọn ń ṣàìsàn ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí wọ́n gbé wá bá wa, wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e yípo sẹ́mínà àti òkè àdúrà, owó ti tán kí wọ́n tó rántí dókítà. Bí ọkàn èèyàn bá rẹ̀wẹ̀sì lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀, tí oorun àti oúnjẹ dàrú, tí nǹkan kan kò wù ú mọ́, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ìwé ìmọ̀ràn. Ilé ìwòsàn ni. Bó bá sì ń sọ̀rọ̀ ikú, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ mú un lọ, ẹ má dá a dá ara rẹ̀.

Kì í ṣe nǹkan àjèjì sí wa. Ní Aró, ní Abẹ́òkúta, ní 1954, ni Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò tí àwọn aláìsàn fi ń gbé ní abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn, ìbátan wọn sì ń bá wọn gbé, dípò kí wọ́n tì wọ́n mọ́lé. Dókítà ń tọ́jú wọn, wọ́n sì ń jí rí ojú ẹni tó mọ̀ wọ́n. Káàkiri ayé ni wọ́n ti wá wo ohun tó ń ṣe níbẹ̀.

ÌyáÌbejì_Òṣogbo
Ó ń jẹun dáadáa mà, ó ń jẹ tèmi mọ́ tirẹ̀. Aago mẹ́sàn-án ló ti ń sùn. Kò sọ̀rọ̀ ikú rí. "Àwọn ẹgbẹ́ mi ti lọ" ló ń sọ ṣáá.

Nọ́ọ̀sì_Fẹ̀yìntì
Ó dáa. Ẹ máa ṣọ́ ọ. Àwọn yòókù lè máa sọ̀rọ̀ báyìí.

OlóògùnAyọ̀001
[Alábòójútó ti yọ ọ̀rọ̀ yìí kúrò: ìpolówó ọjà]

Akọ̀wé_Mọ́kọ́lá
Wò ó, ìpele kẹrin ti dé.

Onísirò_UI
Ẹ káalẹ́ o. Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, n kì í ṣe oníṣègùn, nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ni mo lè dá sí.

Ìgbà wo lèèyàn máa ń wá ìmọ̀ràn ayọ̀? Ìgbà tí nǹkan bá dojú rú pátápátá ni. Ẹni tí ara tù kì í ra tíkẹ́ẹ̀tì sẹ́mínà. Bẹ́ẹ̀, ohun tó bá ti burú dé góńgó sábà máa ń rọlẹ̀ díẹ̀ fúnra rẹ̀ tó bá yá, yálà èèyàn pariwo níwájú dígí tàbí kò pariwo. Francis Galton ṣàlàyé irú nǹkan yìí ní 1886, nígbà tó ń wọn gíga àwọn òbí àti ọmọ wọn. Ọmọ àwọn òbí tó ga gan-an máa ń ga, àmọ́ lápapọ̀ wọn kì í ga tó òbí wọn. Ohun tó bá ti jìnnà sí àárín máa ń sún padà. Nítorí náà, ohunkóhun tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí inú yín bàjẹ́ jù lọ, ì báà ṣe kí ẹ máa fẹsẹ̀ kan fò yí ilé ká, yóò jọ pé ó ṣiṣẹ́. Ẹ óò jẹ́rìí rẹ̀ tọkàntọkàn, ẹ kò sì ní purọ́. Ẹsẹ̀ kan yẹn kọ́ ló ṣe é ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tó ń jẹ́rìí nìkan là ń rí. Ká ní ẹni 300 ló sanwó wọ gbọ̀ngàn, tí nǹkan wá dáa fún 5 nínú wọn lọ́dún yẹn. Àwọn 5 yẹn ni wọ́n máa pè sórí pẹpẹ lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn 295 wà nílé, ojú ń tì wọ́n, torí wọ́n ti sọ fún wọn pé bí kò bá ṣiṣẹ́, àwọn ni wọn kò gbà á gbọ́ tó. Ibi tí mo ti máa ń sá gan-an nìyẹn. Ìmọ̀ràn tó bá ti di ẹ̀bi rẹ̀ lé ẹ lórí kí o tó bẹ̀rẹ̀, kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè já a nírọ́, kò sì sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè mọ̀ bóyá ó dára.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun mọ ohun tó ń fúnni láyọ̀, ẹ bi í pé: àwọn tí kò ṣe é ńkọ́, báwo ni tiwọn ṣe rí?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú ti àbúrò Ìyá Ìbejì. Ọjọ́ 21 yẹn, Maxwell Maltz ló ti wá, dókítà kan ní Amẹ́ríkà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ láti tún ojú àwọn èèyàn ṣe. Ní 1960 ó kọ ọ́ pé ó máa ń gba àwọn tí òun ṣiṣẹ́ fún ní bí ọjọ́ 21, ó kéré tán, kí ojú tuntun tó mọ́ wọn lára. Àwọn tó jí ọ̀rọ̀ náà kó ju "ó kéré tán" sígbó. Nígbà tí Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì UCL ní Lọ́ńdọ̀nù wá tọpasẹ̀ ẹni 96 tí kálukú wọn mú ìṣe kékeré kan, bíi kó máa mu omi pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán, èsì wọn tó jáde ní 2010 fi hàn pé bí ọjọ́ 66 ló sábà máa ń gbà. Ẹni tó yá jù gba 18, wọ́n sì ṣírò ẹni tó pẹ́ jù sí 254. Fífo ọjọ́ kan kò ba nǹkan jẹ́. Àbúrò yín lè sinmi lọ́jọ́ Àìkú, kò sí ohun tó máa ṣe é.

Ti dígí, Joanne Wood dán an wò ní Kánádà, ó sì gbé e jáde ní 2009. Ó ní kí àwọn èèyàn máa tún un sọ fún ara wọn pé àwọn jẹ́ ẹni tó ṣeé fẹ́ràn. Àwọn tó ti níyì lójú ara wọn tẹ́lẹ̀, inú wọn dùn díẹ̀ sí i. Àwọn tí kò níyì lójú ara wọn, àwọn gan-an tí wọ́n ń ta ìmọ̀ràn yìí fún, ọkàn wọn bàjẹ́ ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò sọ nǹkan kan lọ.

Àwòrán mọ́tò wá burú ju dígí lọ lójú tèmi. Láti 1991 ni Gabriele Oettingen, ọmọ Jámánì, ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí i. Nínú àwọn obìnrin tó sanra jù tí wọ́n fẹ́ fọn, àwọn tó ń fojú inú wo ara wọn pé àwọn ti fọn, tí gbogbo ayé ń yìn wọ́n, kò fọn tó àwọn tó ń fojú inú wo ìṣòro tó wà níwájú. Ọkàn ti jẹ adùn rẹ̀ tán kí ara tó ṣiṣẹ́. Ohun tó wá ń kọ́ni lẹ́yìn náà ni pé kéèyàn ro ohun tó fẹ́, kó sì ro ohun tó wà nínú ara rẹ̀ tí yóò dí i lọ́wọ́, kó wá pinnu ṣáájú pé "bí èyí bá ṣẹlẹ̀, báyìí ni n óò ṣe." Kò dùn ún gbọ́ lórí pẹpẹ, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbọ́ ọ rí.

Ọmọ_Pásítọ̀
Ẹ̀gbọ́n Onísirò, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ n kò lè jẹ́ kí èyí kọjá. Ìwé Òwe orí 18 ẹsẹ 21 ní ikú àti ìyè ń bẹ ní ipá ahọ́n. Àwọn baba wa tí kò tiẹ̀ mọ Bíbélì náà mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wúre láàárọ̀. Ṣé gbogbo wọn ni kò gbọ́n ni? Àbí kéèyàn dúró níwájú dígí kó máa pe ara rẹ̀ ní tálákà?

Onísirò_UI
Àbúrò, má bínú. Ta ló ń wúre fún ẹ láàárọ̀? Ìyá ẹ ni, tàbí bàbá ẹ, tó gbé ọwọ́ lé ẹ lórí, tí gbogbo ilé ń ṣe "àṣẹ." Ẹni tó fẹ́ràn ẹ ló ń sọ fún ẹ pé ó dá òun lójú pé yóò dára fún ẹ, àwọn ẹlẹ́rìí sì wà níbẹ̀. Ohun tí Wood dán wò ni ti ẹni tó dá wà, tó ń sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò gbà. Bó ti ń sọ ọ́ ni ọkàn rẹ̀ ń dá a lóhùn pé "irọ́ ni." Bí àbúrò Ìyá Ìbejì bá fẹ́ kí wọ́n pe òun ní olówó ní ìdájí, ẹ jẹ́ kí ìyá rẹ̀ pè é.

Ọmọ_Pásítọ̀
Mo gbọ́ ti ìwúre yẹn. N kò tíì gba gbogbo rẹ̀ o, àmọ́ mo gbọ́.

Réwáyà_Ládípọ̀
Ẹ̀gbọ́n Onísirò, ẹ kú làákàyè. Àmọ́ dígí ni gbogbo yín ń sọ, ẹnikẹ́ni kò tíì fẹnu ba ọ̀rọ̀ owó, bẹ́ẹ̀ òun ni Ìyá Ìbejì fi kádìí ìbéèrè wọn. Iná mọ́tò ni mo ń ṣe. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, àwọn oníbàárà mi kì í gbé mọ́tò wá mọ́ àyàfi bó bá kú pátápátá. Wọ́n wá ní kí n jókòó, kí n máa mí sínú, kí n máa mí síta. Mo ń mí. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ ni n kò tíì rí.

Akọ̀wé_Mọ́kọ́lá
Àwọn òyìnbó ní bó bá ti kọjá 75,000 dọ́là lọ́dún, owó kì í fi kún ayọ̀ mọ́. Mo ti múra tán, kí wọ́n wá fi mí dán an wò.

Onísirò_UI
Ní 2010 ni Daniel Kahneman àti Angus Deaton sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n sì bi. Ní 2021 Matthew Killingsworth rí i pé ayọ̀ ń gòkè lọ kọjá ibẹ̀. Ohun tó wù mí nínú ọ̀rọ̀ wọn ni pé wọn kò máa bú ara wọn. Wọ́n jókòó pọ̀, Barbara Mellers sì ṣe alárinà, wọ́n tún àwọn ìṣirò náà yẹ̀ wò, wọ́n gbé e jáde ní 2023. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, bí owó ṣe ń pọ̀ sí i ni inú ń dùn sí i. Àwọn tí inú wọn kì í dùn rárá, tí wọn kò ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ, ni owó máa ń ràn lọ́wọ́ títí dé nǹkan bí 100,000 dọ́là, tí kò wá fi bẹ́ẹ̀ kan ìbànújẹ́ wọn mọ́. Kò sí ìkankan nínú wọn tó sọ pé owó kò ṣe pàtàkì fún ẹni tí kò ní.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti Kẹ́ńyà. Johannes Haushofer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín àwọn ará abúlé: wọ́n fún àwọn kan lówó gidi, wọ́n fún àwọn kan ní ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, wọ́n fún àwọn kan ní méjèèjì, wọn kò fún àwọn kan ní nǹkan kan. Lẹ́yìn ọdún kan, ilé àwọn tó gba owó dára sí i, ọkàn wọn náà sì dára sí i. Ọ̀rọ̀ sísọ nìkan kò fi àmì kankan sílẹ̀.

Réwáyà_Ládípọ̀
Ẹ ṣeun. Ẹ bá mi tẹ ìyẹn sórí pátákó, n óò gbé e kọ́ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù.

Nọ́ọ̀sì_Fẹ̀yìntì
Réwáyà ọmọ mi, má tíì gbé e kọ́. Ní Kẹ́ńyà yẹn, ẹnikẹ́ni lábúlé ni wọ́n bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe àwọn tí ọkàn wọn ti ń dà láàmú. Ẹni tí ebi ń pa, tó ṣe pé ebi nìkan ló ń ṣe é, kí lo fẹ́ bá a sọ? Ẹ wá wo ti Sìmbábúè. Dókítà Dixon Chibanda bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Mbare, ní ìlú Harare, ní 2006. Àwọn ìyá àgbà ló kọ́, tí wọ́n máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì onígi níta ilé ìwòsàn kékeré. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń pe àìsàn náà ní kufungisisa, ìyẹn ni pé èèyàn ń ronú jù. Ìyá àgbà kì í wàásù fún ẹni tó bá wá. Yóò ní kó ka gbogbo wàhálà rẹ̀ sílẹ̀, kó mú ọ̀kan, wọn á jọ ro ohun kan pàtó tó lè ṣe sí i lọ́sẹ̀ yẹn, á sì ní kó padà wá sọ bó ṣe lọ. Wọ́n dán an wò ní ilé ìwòsàn 24, pẹ̀lú ẹni 573, èsì rẹ̀ jáde ní 2016. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara tu àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì gan-an ju àwọn tó gba ìtọ́jú bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ ọkọ, ọ̀rọ̀ ilé gbígbé ni wọ́n ń sọ lórí bẹ́ǹṣì náà. Wọ́n tún máa ń kó àwọn tó ti wá rí jọ sí ẹgbẹ́, wọ́n á máa hun báàgì pọ̀ tí wọ́n lè tà.

Onísirò_UI
Ìyá wa, ẹ ṣé. N óò fi ti ilé wa kún un, torí òun ló fi ìdí ìbéèrè mi hàn jù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn alábọ́dé láti máa tọ́jú àwọn tí ọkàn wọn rẹ̀wẹ̀sì gidi, èsì rẹ̀ jáde ní 2019. Nígbà tí ọdún kan pé, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ti gbádùn. Bí wọ́n bá dá iṣẹ́ wọn dúró síbẹ̀, à bá ti máa jó lójú títì. Àmọ́ wọ́n ní àwọn ilé ìwòsàn mìíràn tí wọn kò fún ní ètò tuntun náà, tí wọ́n kàn fún àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní ẹ̀kọ́ díẹ̀ lórí ìtọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin náà ló gbádùn níbẹ̀. Ètò ńlá kò fi nǹkan kan ju ètò kékeré lọ. Àwọn oníwádìí yẹn fẹ́ kí ètò wọn borí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde pé kò borí. Ẹ fi ìyẹn wé olùkọ́ ìpele kẹta.

Dèrì_Peckham
Mo ti ń kà yín bọ̀ láti òkè. Ẹ̀gbọ́n Réwáyà, n kò ní bá yín jiyàn lórí owó. Torí owó ni mo ṣe kúrò nílé. Àwọn arúgbó ni mo ń tọ́jú ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, iṣẹ́ alẹ́ ni, mo ń rí owó fi ránṣẹ́ sílé, ìyá mi ti kan òrùlé tuntun. Inú mi dùn sí òrùlé yẹn. Àmọ́ mo lè wà ní yàrá mi láti Jímọ̀ di Ọjọ́ Ajé láìsọ Yorùbá sí ẹnikẹ́ni, àyàfi lórí fóònù.

Wọ́n ní àwọn ará Harvard ti ń tọ́pa àwọn ọkùnrin kan láti 1938. Ẹni 268 jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wọn, ẹni 456 jẹ́ ọmọ àdúgbò tálákà ní Boston. Robert Waldinger tó ń darí rẹ̀ báyìí ní àwọn tí àárín wọn pẹ̀lú èèyàn dán mọ́rán ní ẹni 50 ọdún ni ara wọn le jù ní 80. Ṣé ìyẹn náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni?

Onísirò_UI
Ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó gbé gbogbo ẹrù. Ọkùnrin aláwọ̀ funfun ará Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn níbẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì pín ọ̀rẹ́ fún wọn bí wọ́n ṣe pín owó ní Kẹ́ńyà. Ẹni tí ara rẹ̀ le, tí kì í kanra, ó rọrùn fún un láti ní ọ̀rẹ́. Síbẹ̀, ohun tí a rí níbòmíràn kò lòdì sí i. Bí mo bá ní láti yan èwo nínú ìmọ̀ràn àbúrò Ìyá Ìbejì ló lè pa á lára gan-an, kì í ṣe dígí. "Yẹra fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ" ni. Ẹni tó bá ti gé ọ ní ọ̀dọ̀ gbogbo ẹni tó lè sọ fún ọ pé wọ́n ń rẹ́ ọ jẹ, òun nìkan ni yóò kù tí wàá máa gbọ́.

Nọ́ọ̀sì_Fẹ̀yìntì
Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́.

Akọ̀wé_Mọ́kọ́lá
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè gidi nìyí, n kò ṣe yẹ̀yẹ́. Ní 2003 àwọn ìwé ìròyìn gbé e pé Nàìjíríà ni inú àwọn èèyàn rẹ̀ dùn jù láyé. Gbogbo wa fò fún ayọ̀. Lónìí wọ́n ní Finland ni, láti 2018 títí di ìsinsìnyí. Ṣé inú wa ló bàjẹ́ ni, àbí wọ́n ti ń parọ́ fún wa látilẹ̀?

Onísirò_UI
Ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n bi wá. Ti 2003, ohun tí wọ́n béèrè kò ju pé "báwo ni inú rẹ ṣe dùn tó?" Ti Finland, àkàbà ni wọ́n fi ń béèrè, Hadley Cantril ló mú un wá ní àwọn ọdún 1960: bí ìgbésí ayé tó dára jù fún ọ bá wà lórí àtẹ̀gùn 10, tí èyí tó burú jù wà ní 0, ibo lo dúró sí? Ọmọ Nàìjíríà kan náà lè sọ pé inú òun dùn gan-an, kó sì ní orí àtẹ̀gùn 4 ni òun wà. Kò parọ́ nínú méjèèjì.

Nọ́ọ̀sì_Fẹ̀yìntì
Àti pé ta ni nínú wa tí wọ́n bi pé "báwo ni nǹkan?" tí kì í dáhùn pé "a dúpẹ́"? Ẹni tí wọ́n gbé wọlé tí kò tíì sùn láti ọjọ́ mélòó kan, mo bi í pé báwo ni, ó ní "a dúpẹ́ mà." Ìwà ọmọlúàbí ni, n kò ní kí ẹnikẹ́ni jáwọ́ nínú rẹ̀. Àmọ́ n kì í fi í sínú ìwé aláìsàn. Ohun tí mo máa ń béèrè ni pé, ṣé ẹ sùn lánàá? Ta lẹ jọ jẹun? Ta lẹ jẹ ní gbèsè, ṣé ẹ lè gbé fóònù bó bá pè? Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ máa ń jáde. Ìyá Ìbejì, ẹni tó ń bi ara rẹ̀ lójoojúmọ́ pé "ṣé mo láyọ̀?" ń wá wàhálà. Ẹ bi ara yín ní irú èyí tí mo sọ yìí. Bí oorun bá dára sí i, tí gbèsè kan kúrò lára méjì, tí ẹnì kan wà tí ẹ lè jókòó tì láìbá a ṣe fọ́rífọ́rí, èyí tó ṣeé retí náà nìyẹn fún ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kì í dé òpin oṣù. Kò kéré o. Mo ti rí àwọn olówó tí wọn kò ní ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

ÌyáÌbejì_Òṣogbo
Ẹ ṣeun mà, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa. Ìwé ọpẹ́ tèmi ńkọ́? Ẹ kàn fò ó.

Onísirò_UI
Ẹ má sun ún níná. Robert Emmons àti Michael McCullough dán an wò ní 2003. Àwọn tó ń kọ ohun tí wọ́n fi ń dúpẹ́ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, inú wọn dùn ju àwọn tó ń kọ ohun tó ń bí wọn nínú. Ìyẹn kò yà mí lẹ́nu, ta ló fẹ́ máa ka ìbínú rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀? Ìgbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó kàn kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, àǹfààní rẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Sonja Lyubomirsky tún wò ó, àwọn tó ń kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló jàǹfààní, àwọn tó ń kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kò jàǹfààní. Ó ń ṣe oore díẹ̀, ìwé kíkọ kan ló ná yín, kò sì gé yín kúrò lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ kò nílò ẹ̀rí ńlá kéèyàn tó gbìyànjú rẹ̀. Èyí tó ń gba owó ilé ìwé ọmọ, tó ń gba ọ̀rẹ́ ọmọdé ẹni, ẹ̀rí rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó òkè Olúmọ.

Ọmọ_Pásítọ̀
Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ọjọ́ ìsinmi nìyẹn, ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo kàn ń sọ ni o 😁

Onísirò_UI
Mo gbà fún ọ lórí ìyẹn.

ÌyáÌbejì_Òṣogbo
Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún un lálẹ́ yìí. Inú rẹ̀ kò dùn. Ó bínú sí ti àwòrán mọ́tò, ó ní ẹ̀yin ni kò ní ìran. Àmọ́ nígbà tí mo ka ti ẹni 295 tó wà nílé, ó dákẹ́, ó wá ní òun mọ méjì nínú wọn, pé àwọn tí wọ́n jọ wà ní ìpele kìíní kì í gbé fóònù òun mọ́. Mo ní kó má san ti ìpele kẹta títí yóò fi bá àwọn méjì yẹn sọ̀rọ̀. Ó ní òun máa rò ó.

Réwáyà_Ládípọ̀
Ẹ ní kó lọ bá wọn nílé. Ẹni tí wọ́n gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ kì í gbé fóònù.

ṢadéCamberwell
@Dèrì_Peckham, mo ti ń kà láìsọ̀rọ̀. Camberwell ni mo wà, bọ́ọ̀sì kan ni. Èmi àti àwọn obìnrin mẹ́ta kan máa ń se ẹ̀wà ní ọ̀sán Sátidé, ẹni tó bá wá ló ń jẹ, a sì ń dá àjọ. A máa ń pariwo o, mo ti sọ fún ọ ṣáájú.

Dèrì_Peckham
Àǹtí mi, ẹ ṣeun gan-an. Àárọ̀ Sátidé ni mo máa ń bọ́ lẹ́nu iṣẹ́, bí mo bá sùn díẹ̀ mo lè dé ní aago méjì. Ṣé kí n mú gáàrì wá, àbí ẹ ti ní?

ṢadéCamberwell
Gáàrì wà. Mú ata wá, ti ibí yìí kì í ta.